Òkè Ìdàrọ́ Tí Mo Ní Kò Sí

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún èèyàn mẹ́ta rí, mo sì parọ́ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ni kò mọ̀ pé nǹkan àtijọ́ ni òkè náà, pé kátapílà ti kó o tán kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mi orí, á ní ó mà ṣe o, èmi náà á sì bá a mi orí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan mọ̀. Èmi ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, irin ló sì ń tà lọ́jà Bouaké, ìlú ńlá kan ní àríwá Abidjan. Kì í ṣe irin tuntun tí wọ́n fi ń kọ́lé o. Irin àlòkù ni: sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀yà ara mọ́tò tó ti kú, ṣéènì, páìpù tó ti dípẹtà. Á kó wọn lọ fún àwọn alágbẹ̀dẹ ní abúlé, á sì kó ọkọ́ àti àdá tí wọ́n bá ti rọ bọ̀ wá sọ́jà. Dar-es-Salam, àdúgbò kan nínú ìlú náà, là ń gbé, nínú agboolé kan tó kún fún àwa Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ìpẹtà kì í kúrò lára bàbá mi. Ó wà nínú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wà létí aṣọ rẹ̀, àní lọ́jọ́ Jímọ̀ tó bá ti wẹ̀ tó sì ti fín lọ́fínńdà sára. Nílé ìwé, tí wọ́n bá ní ká kọ iṣẹ́ bàbá wa sínú fọ́ọ̀mù, oníṣòwò ni mo máa ń kọ, n óò sì fi ọwọ́ bo ìwé náà kí ẹni tó jókòó tì mí má baà bi mí pé òwò kí ni.

Nígbà ọlidé, ó máa ń mú mi dání lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Diabo, lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò kí wọ́n tó bí mi. Baoulé, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, ni ọkùnrin náà. Nana la máa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà lọ́dọ̀ tiwọn. Júlà, èdè àwọn oníṣòwò, ni òun àti bàbá mi fi ń ná ọjà, òun náà ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ kan, obìnrin bíi tèmi, tó fi bí oṣù díẹ̀ jù mí lọ.

Tí èèyàn bá gba ẹ̀yìn àgbẹ̀dẹ Nana, tó la oko kajú kọjá, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sétí odò kékeré kan, òkè dúdú kan wà níbẹ̀. Ó ga tó ilé alájà kan, ó sì gùn débi pé àwa ọmọdé kì í lè sáré yí i po láìdúró mí. Koríko kì í hù sórí rẹ̀. Tí oòrùn bá ta sí i, á máa kọ mànà bí ìgò tó fọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ọ̀kan nínú òkúta náà, ó sì fi lé mi lọ́wọ́.

"Ìdàrọ́ nìyí," ó ní. "Ìgbẹ́ irin. Bí wọ́n bá yọ́ irin, ohun tó bá ṣẹ́ kù nìyẹn."

"Gbogbo òkè yìí?"

Nana ló dáhùn. "Gbogbo ẹ̀. Ọlọ́run ò dá òkè kankan síbí. Ọwọ́ èèyàn ló dá a."

Ó mú wa yí lọ sẹ́yìn, níbi tí àwọn ìdí ìléru wà ní ìlà, bí kùkùté igi tí wọ́n gé kúrú, wọ́n pupa, wọ́n sì le koko. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Ó ní nígbà tí bàbá-bàbá òun wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó ń ra irin láti ibì kankan. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ní òdìkejì odò, ni wọ́n ti ń wa òkúta pupa tí irin wà nínú rẹ̀. Ó fi àwọn kòtò náà hàn wá. Ewúrẹ́ ló ń jẹ nínú wọn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí iṣẹ́ oko bá ti dínkù, àwọn èèyàn á wá láti abúlé bíi mẹ́fà tàbí méje, wọn á pàgọ́ sétí odò. Àwọn kan ń wa òkúta, àwọn kan ń gé igi tí wọ́n ń sun di èédú, àwọn obìnrin ń fọ́ òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń fi agbọ̀n rù ú wá. Ìdílé Nana ló ni iṣẹ́ mímọ ìléru. Amọ̀ tí wọ́n po mọ́ koríko ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, ó ga ju èèyàn lọ, wọn á sì ki ọ̀pá amọ̀ oníhò bọ ìdí rẹ̀ yí ká kí atẹ́gùn lè máa wọlé fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó ń fẹ́ ẹwìrì. Wọn á to èédú àti òkúta léra wọn títí á fi kún. Iná náà á jó fọ́jọ́ mẹ́ta. Ìdàrọ́ á máa ṣàn jáde nídìí ìléru bí oyin gbígbóná, á dì, wọn á wọ́ ọ kúrò lójú ọ̀nà, wọn á dà á sórí òkìtì. Lọ́jọ́ kẹrin, wọn á fọ́ ẹnu ìléru, wọn á sì yọ irin náà, ó rí ṣákiṣàki bí iṣu tí gbòǹgbò pọ̀ lára rẹ̀.

"Nígbà míì, mẹ́jọ nínú wọn ló ń jó pọ̀," Nana ní. "Bàbá àgbà mi sọ pé ẹni tó bá dúró ní Diabo ń rí èéfín wọn. Àwọn Júlà ń gbé iyọ̀ àti aṣọ wá, wọ́n ń ru irin wa lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dé rí."

Mo bi í pé kí ló wá pa iná náà.

Ó wojú bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín. "Bi bàbá ẹ. Ojú irin dé, àwọn Anago sì bá a dé. Irú àwọn bàbá àgbà tìẹ ló gbé irin òyìnbó wá sọ́jà. Ó tọ́, ó dán, kò ní kéèyàn gé igi, kò ní kéèyàn sun èédú. Àwọn bàbá wa rà á. Ló bá parí."

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ máà bínú, Nana," ó ní, bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀.

"Bínú kẹ̀? Ìwọ kọ́ lo ṣì ń gbé irin wá fún mi?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí ìjà pín orílẹ̀-èdè sí méjì, tí Bouaké sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Bàbá mi, ìyá mi àti èmi fi ẹsẹ̀ rìn jáde nílùú láàárọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú ẹrù tí kò ju ohun tí orí lè gbé. Abúlé Nana nìkan la mọ̀. Ó kó ọmọ owú àti ẹwìrì rẹ̀ síta, ó gbá àgbẹ̀dẹ náà mọ́, ó ní ká máa gbé ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la lò. Ẹní rẹ̀ ló gbé fún ìyá mi. Èmi àti ọmọ rẹ̀ jọ ń sùn lórí ẹní kan, a sì jọ ń jẹ iṣu láti inú abọ́ kan. Lọ́sàn-án, àwa méjèèjì á gun orí òkè ìdàrọ́ lọ máa ṣọ́ ọ̀nà, torí orí rẹ̀ lèèyàn ti lè rí ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Àwọn ará ilé yẹn ò bi wá rí pé ọjọ́ wo la máa lọ.

Lẹ́yìn náà, bàbá àti ìyá mi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fi mí sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Abidjan, mo kàwé níbẹ̀, mo kọ́ṣẹ́ ìwọnlẹ̀, mo ríṣẹ́ pẹ̀lú àwọn kan tó ń ṣe ọ̀nà, wọ́n sì gbé mi padà sí Bouaké. Iṣẹ́ mi ni láti rìn níbi tí ọ̀nà máa gbà àti ibi tí wọ́n ti máa wa yẹ̀pẹ̀ àti òkúta, kí n sì kọ ohun tó bá wà níbẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù: ibojì, igbó tí wọ́n ń bọ, nǹkan àtijọ́. Bí ohun kan bá wà, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró títí àwọn aláṣẹ á fi wá wò ó.

Èmi nìkan ni obìnrin nínú àwọn tó ń lọ sóko iṣẹ́, èmi nìkan sì ni Anago. Tí wọ́n bá rí páànù tàbí rímù ọkọ̀ tó ti jẹrà lẹ́bàá ọ̀nà, wọn á pariwo pé, "Ẹ pe Anago wá, ọjà rẹ̀ rèé!" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Mo ti sọ fún wọn pé òwò aṣọ ni bàbá mi ń ṣe.

Ọ̀nà tí a ń ṣe lọ́dún yẹn gba ẹ̀yìn Diabo. Mo rí i lórí máàpù, mo sì sọ fún ara mi pé kò ní dé abúlé Nana. Ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó ni oko kajú náà, Abidjan ló ń gbé, ó sì ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa wa òkúta nínú oko òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi, ọ̀gá mi àti àwọn ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀ sétí odò náà. Ọ̀gá mi gun orí òkè, ó fi bàtà ta ìdàrọ́, ó gbọ́ bó ṣe ń dún.

"Ẹ wo òkúta tó le báyìí!" ó ní. "Ó ti fọ́ wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀! Kí la tún ń wá kiri?" Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ṣa ẹyọ kan, ó rí i pé ó wúwo, ó sì jù ú sí mi. "Anago, irin rẹ rèé o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá mi yíjú sí mi. "Ṣé nǹkan kan wà níbí tó yẹ ká kọ sílẹ̀?"

Gbólóhùn kan ni mo nílò. Kí n sọ pé iṣẹ́ irin àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e: báwo lo ṣe mọ̀? Mo rí bàbá mi lọ́kàn mi, pẹ̀lú páìpù dídípẹtà léjìká rẹ̀, mo sì rí ojú àwọn ọkùnrin yẹn bí wọ́n ṣe máa wò mí láti ọjọ́ náà lọ. Kì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ì bá sàn bó bá jẹ́ pé ìyẹn ni. Mo wò yíká bí olè bóyá ẹnì kan láti abúlé wà nítòsí. Kò sẹ́nì kankan. Mo wá kọ R.A.S., lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ń sọ lédè Faransé pé kò sí ohun tó yẹ ká sọ níbẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú. Mo dá fọ́ọ̀mù náà padà fún ọ̀gá mi.

Lọ́sẹ̀ tí kátapílà dé, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ síhà Mamini, tó jìnnà síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi kó òkè náà. Awakọ̀ kan tiẹ̀ yìn ín fún mi, ó ní òun ò rí òkúta tó dára tó bẹ́ẹ̀ fún ìdí ọ̀nà rí. Nígbà tí mo padà gba ibẹ̀ kọjá, ilẹ̀ ti tẹ́jú. Kí wọ́n tó da ọ̀dà lé e, ọ̀nà náà dúdú, ó sì ń kọ mànà lójú oòrùn. Mo ní kí awakọ̀ ká gíláàsì sókè, mo ní eruku ló ń yọ mí lẹ́nu.

Kò pé oṣù kan tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ wa fi yọjú sínú yàrá tí gbogbo wa jókòó sí. "Madámu, bàbá arúgbó kan wà níta. Ó ní ọmọ onírin lòun ń wá."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bí ohun tí mo tìtorí ẹ̀ ṣe gbogbo ìyẹn ṣe tú nìyẹn, lẹ́nu ẹ̀ṣọ́, lójú gbogbo èèyàn.

Nana ni, ó ń fi ọ̀pá rìn, ọmọ rẹ̀ sì dì í mú. Ọmọ náà ti di olùkọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Diabo. Nana di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ọmọ mi, nígbà tí mo gbọ́ pé o wà níbí, ọkàn mi balẹ̀. Bá mi sọ fún wọn. Wọn ò mọ̀ ni. Ó ṣì ku ìdí ìléru márùn-ún. Sọ fún wọn kí wọ́n dá a dúró."

Mo mú wọn wọlé lọ bá ọ̀gá mi. Èmi ni mo ń tú ọ̀rọ̀ Nana sí Faransé, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Ọ̀gá mi gbọ́ ọ dópin. Ó wá ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ fọ́ọ̀mù náà, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú wọn. "Ẹ má bínú, bàbá. A ṣàyẹ̀wò kí a tó ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó."

Nana ò mọ̀wé kà. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kà. Mo ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ sísàlẹ̀, mo sì mọ ìgbà tó débi orúkọ mi. Kò gbé ojú sókè.

"Kí ni ìwé náà wí?" Nana bi í.

"Ó ní wọ́n wò ó, wọn ò rí nǹkan kan."

"Ta ló wò ó?"

Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún ọ̀gá mi. "Ẹnì kan tí kò mọ ibẹ̀ ni."

Mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí Nana ti jókòó sínú takisí tó gbé wọn wá, ọmọ rẹ̀ yíjú sí mi. "Kò gbọdọ̀ mọ̀," ó ní. "Kì í ṣe torí tìẹ. Torí bàbá mi ni." Lẹ́yìn ìyẹn, ó wọkọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún ọ̀gá mi pé ìdí ìléru ló ṣẹ́ kù sétí odò, pé ó ti yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní wọ́n ti kó èyí tí wọ́n nílò tán, wọn ò padà síbẹ̀ mọ́. Ìyẹn nìkan ló kó márùn-ún yẹn yọ. Kì í ṣe èmi. Fún odindi oṣù méje mi ò lè lọ sí abúlé náà. Bí iṣẹ́ bá gbé mi lọ síhà Diabo, màá wá àwíjàre.

Bàbá mi ni mo kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún, lórí fóònù.

"Ẹní ta ni ìyá rẹ sùn lé lóṣù yẹn?" ó ní.

"Ti Nana ni, bàbá."

"Lọ sọ fún un fúnra rẹ. Má rán ẹnikẹ́ni."

Mo gun ọ̀kadà lọ lọ́jọ́ Sátidé kan. Ọmọ Nana ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó mọ ohun tí mo bá wá, ó kọ́kọ́ dúró sí ojú ọ̀nà bíi pé kò ní jẹ́ kí n kọjá. Nígbà tó ṣe, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nana jókòó nínú àgbẹ̀dẹ tí kò sí iná níbẹ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀.

"Nana, èmi ni mo kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi ni mo buwọ́ lù ú."

Ó bi mí pé, "Ta ló ń dẹ́rù bà ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó dẹ́rù bà mí, Nana. Ojú ló ń tì mí."

"Ojú kí ni?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ onírin ni mí."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Àpá iná ló kún ẹ̀yìn wọn. "Iṣẹ́ irin ni èmi náà ń ṣe," ó ní. "Nígbà tó o wà nílé mi yìí, ṣé ojú mi ń tì ọ́?"

Bó ti rí gan-an nìyẹn, mi ò sì mọ̀ títí ó fi bi mí. Ó ní kí n máa lọ sílé, pé ó ti rẹ òun. Kò pariwo. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ló kú, mo lọ síbi ìsìnkú náà, mo jókòó lẹ́yìn gbogbo èèyàn, mo sì ń bẹ̀rù kí ẹnì kan má wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá. Àwọn mélòó kan dúpẹ́.

Mo kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ tó ń rí sí nǹkan àtijọ́, mo sọ ohun tí mo mọ̀ àti ohun tí mo ṣe. Nígbà tí àdéhùn iṣẹ́ mi parí, wọn ò fún mi ní òmíràn. Ó pẹ́ kí èèyàn méjì tó wá láti Abidjan. Wọ́n wọn ìdí ìléru márààrún, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n béèrè bí òkè ìdàrọ́ náà ṣe ga tó. Mo fi ọwọ́ júwe rẹ̀ lójú òfuurufú. Wọ́n ní ìyẹn ò tó láti kọ sínú ìwé. Òótọ́ ni. Nínú gbogbo ọjọ́ tí mo lò lórí òkè yẹn, pẹ̀lú iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ tí mo kọ́, mi ò wọ̀n ọ́n rí.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ Nana pè mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè mí nìyẹn. Ó fẹ́ kí n wá sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yọ́ irin láyé àtijọ́, ó ní bàbá òun sọ ọ́ fún mi ju bó ṣe sọ ọ́ fún òun lọ. Mo lọ. Mo sọ ti òkúta pupa, ti èédú, ti ọ̀pá amọ̀ oníhò àti ti iná ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ọmọdébìnrin kan na ọwọ́ sókè.

"Tántí, òkè náà dà?"

"Ó wà lábẹ́ ọ̀nà tí ẹ ń gbà wá sílé ìwé."

"Ta ló kó o síbẹ̀?"

Mo wo olùkọ́ wọn. Ojú fèrèsé ló ń wò. Kò ní bá mi dáhùn èyí.

"Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n kó o," mo ní. "Mo mọ ohun tó jẹ́, mo sì sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ọmọ náà ń wò mí bíi pé ó ń dúró de ìyókù, ṣùgbọ́n kò sí ìyókù. Olùkọ́ wọn kúrò lójú fèrèsé, ó ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn, kí wọ́n ya ìléru kan. Mo ń rìn láàárín àwọn ìjókòó, mo ń wo ohun tí wọ́n ń yà, mo ń sọ fún wọn pé ó ga ju báyìí lọ, pé ìdí rẹ̀ ni ihò gbọ́dọ̀ wà, kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà wọlé.